Ìyá Ìbejì Wo Ló San Owó Orí Yìí?

Òṣìṣẹ́ náà ṣí ìdérí bírò rẹ̀. Ó fi eyín di ìdérí náà mú, ó na ọwọ́ ọ̀tún sórí ìwé. Ẹnu bírò kan ìwé. Ààmì kan jáde, dúdú, tíntín, bí ojú èèrà. Rebecca ń wò ó. Kò mí. Ó ń retí kí ààmì náà gùn, kí ó di ìlà, kí ìlà di lẹ́tà, kí lẹ́tà di orúkọ òun. Bírò dúró. Ó gbéra kúrò lórí ìwé díẹ̀díẹ̀. Ó ń lọ sókè. Ó pàdé ìdérí tó wà lẹ́nu, ó wọ inú rẹ̀ lọ. Ó dún kó.

"Màmá," ni òṣìṣẹ́ náà wí, "ta ni Ìyá Ìbejì?"

"Èmi ni."

"Ìyá Ìbejì wo?"

Ọ́fíìsì owó orí ni, ní Èrúwà, àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Láti Igbó-Ọrà ni Rebecca ti wá, òun àti Adérógbà ọkọ rẹ̀, lórí ọ̀kadà kan ṣoṣo, àpò ìwé láàárín wọn kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Gbogbo ìwé ló pé. Ìwé ìgbéyàwó. Ìwé ìbí àwọn ìbejì. Páàsípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Tógò, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ gàdàgbà: Rebecca Afi Amegan. Àti lẹ́tà kan láti Àbújá, tí ó ti kà títí tí ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po fi fẹ́ já. Lẹ́tà náà ní ìwé tó kọ láti di ọmọ Nàìjíríà, nítorí pé ọmọ Nàìjíríà ló fẹ́, ti dé ibi tó dára. Ó ku ohun kan. Ìwé ẹ̀rí pé ó ti san owó orí ọdún mẹ́ta. Kí ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Bí wọn ò bá rí i, wọn yóò pa fáìlì dé.

Ọdún mẹ́ta. Ẹ̀rín ni Rebecca rín nígbà tó kà á. Ohun tí ó ní gan-an nìyẹn! Kò sí ọdún kan tí kò san án. Rìsíìtì mẹ́ta, nínú ọ̀rá, lábẹ́ Bíbélì.

Àràmídé ni orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Káàdì tó so mọ́ ọrùn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gba gbẹ̀rẹ́. Ó to rìsíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì.

"Ẹ wò ó, mà. 'Ìyá Ìbejì, onígàrí, Ìsàlẹ̀ Ọba.' Ti ọdún àkọ́kọ́ nìyẹn. Ti ọdún kejì, bákan náà. Ti ẹ̀kẹta, bákan náà. Níbo ni wọ́n kọ Rebecca sí?"

"Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì."

"Ní Igbó-Ọrà? Màmá, tí mo bá dúró ní oríta Igbó-Ọrà, tí mo ké 'Ìyá Ìbejì', ṣé ọ̀nà ò ní dí?"

Adérógbà dá sí i. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ìyàwó mi ló ni wọ́n."

"Kí lorúkọ ìyàwó yín, sà?"

"Ìyá Ì…"

Ó gbé ẹnu dúró. Ó ti pẹ́ jù.

Àràmídé fa ìwé ńlá kan jáde, ó ṣí i, ó fi ìka tẹ ojú ibì kan. "Ẹ̀yin onígàrí Ìsàlẹ̀ Ọba, Ìyá Ìbejì márùn-ún ló wà láàárín yín. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sanwó lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn wa bá wá yẹ rìsíìtì wò, àwọn márààrún ló máa ń rí rìsíìtì fi hàn. Ẹ bá mi wá ojútùú ẹ̀. Nínú ẹ̀yin márùn-ún, ta ló san?"

Rebecca mọ ìdáhùn. 

"Kí àwọn mẹ́rin yòókù wá síbí. Kí wọ́n fọwọ́ sí i pé rìsíìtì yìí kì í ṣe tiwọn. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó di tiyín nìyẹn, màá sì kọ ìwé yín lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa wà níbí kẹ́yìn lọ́sẹ̀ yìí. Aago méjì ni mo máa ń ti ìwé."

*

Ohun tí Rebecca ń fẹ́ kò tóbi. Ìlà kan ni.

Ọdún méjì sẹ́yìn, òun àti Adérógbà kó àwọn ìbejì lọ kí ìyá rẹ̀ ní Lomé. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ní ààlà, ìlà méjì ló wà. Ọmọ Nàìjíríà, ibí. Àlejò, ọ̀hún. Okùn kan láàárín. Ìwé àwọn ìbejì ní ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Wọ́n lọ pẹ̀lú Adérógbà. Ìwé tirẹ̀ ní àlejò ni. Ó lọ ọ̀hún. Kò sí ẹni tó fìyà jẹ ẹ́, kò sí ẹni tó bú u. Ìlà tiwọn ń yára, ìlà tirẹ̀ dúró gbagidi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àwọn ìbejì nígbà náà. Kẹ́hìndé kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn. Ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn okùn. Ó ké. Táyé gbè é. Bàbá wọn ń fà wọ́n lọ, wọ́n ń na ọwọ́ sẹ́yìn, Rebecca náà ń na ọwọ́, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà sì yíjú padà, ó bi í ní Faransé bóyá òun ni ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé ilé ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ.

*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní abà ìyan gàrí. Agbada márùn-ún lórí iná, obìnrin márùn-ún nídìí wọn, àkúfọ́ igbá lọ́wọ́ kálukú, èéfín lójú gbogbo wọn. Ìyá Ìbejì Àgbà, ìyáálé Rebecca nínú agbo ilé, òun ni olórí wọn. Ìyá Ìbejì Onígíláàsì. Ìyá Ìbejì Pupa. Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́rìn-ín, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́ láti ìgbà tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ. Àti Ìyá Ìbejì Tógò.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti jọ ń yan gàrí. Ní Igbó-Ọrà, bí obìnrin bá ti bí ìbejì, orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ti sùn nìyẹn. Àna kì í pè é mọ́. Ọkọ kì í pè é mọ́. Kì í sì í dun ẹnikẹ́ni.

Bí rìsíìtì Rebecca ṣe di ti gbogbo ayé nìyẹn. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti yọ lójú ọ̀nà, ẹnì kan á wúkọ́. Rebecca á fi tirẹ̀ hàn. Wọ́n á yíjú sí agbada kejì. Rìsíìtì á ti gba ẹ̀yìn lọ, láti abẹ́ ìdí dé inú gèlè, láti inú gèlè dé àtẹ́lẹwọ́. Ìyá Ìbejì ni wọ́n kọ sí i. Ta ni kì í ṣe Ìyá Ìbejì níbẹ̀? Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá lọ tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Rebecca náà á rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ ọn gan-an ni pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ òun tí wọ́n ń yá.

Ó sọ fún wọn. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà, ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́bọ̀, aago méjì.

Àkúfọ́ igbá márùn-ún dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

"Gàrí ẹ ń jó!" ni Pupa ké mọ́ Onígíláàsì.

"Jẹ́ kó jó! Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ? Kí n fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí Èrúwà, kí n lọ sọ fún ìjọba pé n ò san owó orí? Ewúrẹ́ wo ló ń lọ kí alápatà kú àárọ̀?"

"Wọ́n kàn fẹ́ kí ẹ sọ pé rìsíìtì yẹn kì í ṣe tiyín," ni Rebecca wí.

"Tí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n á bi mí tẹ̀ lé e? 'Tiẹ̀ dà?' Kí n wá fi kí ni hàn wọ́n? Eyín?"

"Eyín ni kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí jẹ́jẹ́. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Pupa kọjú sí Rebecca. "Ìwọ náà, ìyàwó. Nígbà tí agbowó orí ń kọ ọ́, ṣé o ò lórúkọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ dá a lóhùn! Ó bèèrè orúkọ mi, ẹ ní Ìyá Ìbejì Tógò."

"A ní Tógò. Ó dáa. Ó ti ń kọ Tógò lọ. Ta ló wá ní kó pa á rẹ́?"

Rebecca kọjú sí agbada rẹ̀.

Òun ni. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, agbowó orí ti kọ T, ó ti kọ O, Rebecca sì fọwọ́ lé ìwé náà. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ẹ má kọ Tógò sí i. Ẹ kọ Ìyá Ìbejì nìkan, bí ti àwọn tó kù. Bàbá náà pa á rẹ́. Bí àwọn lẹ́tà yẹn bá wà níbẹ̀ ni, kì bá tí sí ẹjọ́. Ẹyọ Ìyá Ìbejì Tógò kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Ìbàràpá.

"Mo fẹ́ kó dà bíi tiyín ni," ó wí.

Ìyá Ìbejì Àgbà nìkan ni kò tíì sọ̀rọ̀. Ó ti padà sídìí agbada rẹ̀. Àkúfọ́ igbá ń lọ, ó ń bọ̀.

"Owó orí ọdún mẹ́ta," ó wí níkẹyìn, kò gbójú sókè, "lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi tí mo ní ọmọ mẹ́fà." Ó gbọn igbá. "Ìyàwó, yan gàrí ẹ."



*

Ọjọ́rú, agbada Ìyá Ìbejì Àgbà tutù. Kò wá. Wọ́n ní ó ti lọ sí Lánlátẹ̀ láti ìdájí. Kò sọ ohun tó ń lọ ṣe. Àwọn mẹ́ta yòókù ń yan gàrí bí ẹni tí eyín ń dùn. Bí Rebecca bá wò wọ́n, wọ́n á kojú síná.

"Wọ́n sá fún mi," ó sọ fún Adérógbà nígbà tó délé.

Káfíńtà ni Adérógbà. Ó ń fi bébà dán àpótí kan. Lomé ló ti lọ ṣiṣẹ́ nígbà kan, ibẹ̀ ló ti rí Rebecca. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í yára sọ̀rọ̀. "Ọ̀nà Lánlátẹ̀ kò jìn," ó wí. "Àá lọ dúró dè wọ́n ní Èrúwà. Ìyá Ì…" Ó kó ẹnu rẹ̀ jọ. "Rebecca."

Obìnrin náà wò ó. Ọdún mẹ́fà! Ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó ń pè.

*

Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́wàá, wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ńṣì ọ́fíìsì. Aago mọ́kànlá. Méjìlá. Ọ̀kadà ń kọjá ní títì, Rebecca ń na ọrùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ pólì. Ẹlẹ́dìẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ pólì. Aago kan kọjá.

Àràmídé jáde wá, ó jókòó ti Rebecca. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Mà, ẹ gbọ́. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń yá a lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu yín, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ dárúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tó mi. Ẹ ó gba ìwé yín nísinsìnyí."

Nísinsìnyí! Adérógbà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ó rí okùn ààlà. Ó rí ọwọ́ kékeré méjì. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré. Orúkọ mẹ́rin.

Ó la ẹnu. Ẹ̀rín já lu ú lójijì, ẹ̀rín tó mì ín léjìká.

"Kí ló dé, mà?"

"N ò mọ orúkọ wọn." Ó nu ojú. "Ọdún mẹ́fà, ọ̀gá. N ò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Bí mo bá sì mọ̀ ọ́n, n ò ní sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa fáìlì dé."

Ó dìde. Ó ń kó ìwé sínú àpò. Páàsípọ́ọ̀tù. Ìwé ìbí. Lẹ́tà Àbújá. Aago kan ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ariwo kọ́kọ́ dé. Ọ̀kadà méjì, tí sálẹ́ńsà ọ̀kan ti bẹ́, ń pariwo bí ìjà. Lẹ́yìn náà, eruku pupa. Lẹ́yìn náà, ohùn kan láti ẹnu géètì.

"Ta ló ní kí Ìyá Ìbejì wá?"

Àwọn ni! Méjì lórí ọ̀kadà kìíní, méjì lórí èkejì. Pupa ti di pupa lóòótọ́, láti orí dé àtàǹpàkò. Gíláàsì Onígíláàsì ti funfun fún eruku. Ìyá Ìbejì Àgbà ló ṣíwájú, aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí ló wọ̀, pọ́ọ̀sì kan há sí abíyá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká wọlé," ó wí. "Mo ti sọ fún ọlọ́kadà kó dúró dè wá. Iye tó máa gbà ń pọ̀ sí i."

Wọ́n kún ọ́fíìsì náà. Wọ́n to ara wọn sí iwájú tábìlì bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Àràmídé to rìsíìtì mẹ́ta sílẹ̀.

"Ta ló ni ìwọ̀nyí?"

Ìka mẹ́rin. Gbogbo wọn nà sí Rebecca.

"Tiyín dà?"

Fáànù ń yí. Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

"Tirẹ̀ náà ni tiwa," ni Ìyá Ìbejì Àgbà wí. "Ọdún mẹ́ta. Òun ló ń san, àwa la ń fi hàn. A ò bẹ̀ ẹ́, a kàn ń mú un ni. Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi, kí n tó yí ohùn padà."

Ó ṣí pọ́ọ̀sì, ó gbé owó lé tábìlì. "Ewúrẹ́ méjì ni mo tà sí Lánlátẹ̀ lánàá. Ó tó ti èmi nìkan. Àwọn wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa san tiwọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń sunkún láti Igbó-Ọrà dé ibí."

"Ta ló ń sunkún?" ni Pupa fi ìbínú wí. "Eruku ni!"

Àràmídé bojú wo ibòmíràn. Ó ní ìjọba gbà kí wọ́n pín owó náà san. Ó ní ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kì í jọ ẹni tí wọ́n mú. Ó ṣí ìwé ńlá náà sí ojú ewé tuntun.

"Ó dáa. Orúkọ."

"Ìyá Ìbejì," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí kí ó tó mọ̀.

"Màmá!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, àlàfo eyín rẹ̀ hàn sí ojú ayé. "Àdúràọlá. Àdúràọlá ni bàbá mi sọ mí."

"Ọláyídé," ni Pupa wí.

"Abísọ́lá. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Abísọ́lá ni mí."

"Abísọ́lá, Onígíláàsì!" Wọ́n ń tún un pè. Wọ́n ń lu ara wọn léjìká. "Ṣé Abísọ́lá ló ń jó gàrí láti ọjọ́ yìí?"

Ìyá Ìbejì Àgbà ló kẹ́yìn. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó dà bí ẹni tí ojú ń tì.

"Sàrátù."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí èyí. Rebecca pè é lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọ́ omi ọbẹ̀ wò. "Ìyáálé mi Sàrátù."

"Má jẹ́ kí ó mọ́ ẹ lára," ni Sàrátù wí. "Tó bá di Igbó-Ọrà, mo ti padà di àgbà ẹ."

Wọ́n fọwọ́ síwèé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Àràmídé ṣí ìdérí bírò. Ó fi eyín dì í mú. Ẹnu bírò kan ìwé, ní orí ààmì ọjọ́ Ajé gan-an, kò sì dúró. Ó gùn. Ó di ìlà. R ni. Obìnrin mẹ́rin fi orí jọ lókè tábìlì, wọ́n ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde, tí èyí tí kò mọ̀wé náà ń kà á pẹ̀lú wọn, sókè, kíkankíkan, Adérógbà sì ti yọ fóònù sílẹ̀ láti ya ìwé náà kí ó fi ránṣẹ́ sí Àbújá kí yíǹkì tó gbẹ.

*

Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé ọmọ onílùú Rebecca jáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n lọ kí ìyá rẹ̀ ní Lomé. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ìlà kan náà ni òun àti àwọn ìbejì tò sí ní ààlà.